Kí Ẹgbẹ́ Tó Sanwó Ìkànnì, Kí Ó Mọ Onílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ayé òde òní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó wà ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jos, ní Mìnà àti ní Port Harcourt ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó wo ilé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ìkànnì ayélujára. Ẹgbẹ́ ń ṣe é kí àwọn ará ilé, àwọn tí ó wà ní òkè òkun, àti àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ lè máa rí ìròyìn ìpàdé, àwòrán ọjọ́ ìwúyè, ìṣirò owó gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, àti ìtàn bí àwọn baba ńlá wọn ṣe tẹ ibẹ̀ dó. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹgbẹ́ kì í sábà béèrè títí ọ̀ràn yóò fi bàjẹ́: ọ̀dọ̀ ta ni ìkànnì náà ń gbé?

Bí ọ̀ràn ti sábà máa ń lọ nìyí. Ẹgbẹ́ kó owó jọ. Ọmọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, bóyá ọmọ akápò tàbí àbúrò akọ̀wé, ni wọ́n gbé owó náà lé lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìkànnì ti yọ, gbogbo ìpàdé sì pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin yìí ni ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, ní orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì tirẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù tirẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, ó rí ìwé ìrìnnà gbà, ó ré kọjá sí Kánádà, ó sì pààrọ̀ nọ́ńbà. Lẹ́tà tí ó ń kìlọ̀ pé owó ọdún tuntun ti tó san ń rọ́ wọ inú ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Ní ọjọ́ kan, olórí àwọn Yorùbá ìlú náà ní kí ọmọ-ọmọ òun fi àwòrán ìwúyè òun han àlejò. Ọmọ náà ṣí fóònù, ó sì bá ìpolówó tẹ́tẹ́ ní ojú ibi tí orúkọ ẹgbẹ́ ti ń tàn tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jalè, kò sí ẹni tí ó purọ́. Àìbéèrè ni ó ba nǹkan jẹ́.

Ó dára kí ènìyàn mọ ìdí tí ìkànnì fi nílò ilé rárá. Nígbà tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìkànnì àkọ́kọ́ han gbogbo ayé ní ọdún 1991, inú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN ní ilẹ̀ Switzerland ni kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó gbé e ró wà. Ó lẹ ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà náà lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá pa á pẹ́nrẹ́n, ìkànnì ti wọlẹ̀ lọ nìyẹn. Bí ó ti rí nígbà náà ni ó rí títí di òní. Ìkànnì kò sí ní ojú òfuurufú. Inú kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn ni ó wà, ní ibi tí iná mànàmáná kì í ti í kú, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i, tí okùn ayélujára sì so mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí kọ̀ǹpútà kan láti January títí dé December, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń gba ìkànnì onírúurú ènìyàn sílé tí wọ́n sì ń gba owó ilé lọ́dọọdún. Iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní hosting. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí yóò máa pè ní onílé.

Nǹkan mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ìkànnì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pò wọ́n mọ́ ara wọn. Èkíní ni orúkọ, èyí tí ènìyàn ń tẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Èkejì ni ilé, èyí tí onílé ń yáni. Ẹ̀kẹta ni ẹrù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí ẹgbẹ́ kó sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ni orúkọ rẹ̀, tí ẹ̀dà ẹrù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè kó kúrò ní ilé tí kò bá a lára mu láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, àwọn àlejò rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ ti sanwó fún ọdún mẹ́wàá.

Nítorí náà, orúkọ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. À ń yá orúkọ ni, a kì í rà á pa. Orúkọ tí ó parí sí .com, fún àpẹẹrẹ, ṣeé gbà fún ọdún kan títí dé ọdún mẹ́wàá, lábẹ́ òfin àjọ ICANN tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998. Bí owó rẹ̀ bá tán tí ẹni tí ó ni ín kò san án títí wọ́n fi pa orúkọ náà rẹ́ nínú ìwé, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ó kù tí ó fi lè rà á padà, owó gọbọi ni yóò sì fi rà á. Lẹ́yìn náà, ó di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Èyí tí ó parí sí .ng, tí í ṣe ti orílẹ̀-èdè wa, wà lábẹ́ àbójútó Nigeria Internet Registration Association, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NiRA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005. NiRA kì í fúnra rẹ̀ tà á fún ará ìlú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fún ní ìwé àṣẹ ni ó ń tà á. Ẹgbẹ́ lè gba .org.ng, oníṣòwò lè gba .com.ng. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí wọn ì báà gbà, kí orúkọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín, kí ímeèlì tí wọ́n fi sílẹ̀ sì jẹ́ ti ipò akọ̀wé, kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó sórí àga náà lónìí. Ọ̀dọ́ tí ó bá ṣe iṣẹ́ náà kò ní bínú sí èyí bí ó bá jẹ́ olóòótọ́. Ẹrù ni wọ́n sọ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ ni irú ilé. Bí yíyá ilé ti rí ní Sábọ̀n Gàrí náà ni ó rí lórí ayélujára. Ilé àjùmọ̀gbé wà, níbi tí ọgọ́rùn-ún ìkànnì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ ni ó kéré jù. Èyí tí ó ní ẹnu ọ̀nà àti kànga tirẹ̀ wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà kan náà ni. Odidi ilé wà fún ilé-ìfowópamọ́ àti àwọn oníṣòwò ńlá. Ẹgbẹ́ tí ó ní ogún ojú ìwé àti ọgọ́rùn-ún àwòrán kò nílò odidi ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á fún un. Ilé àjùmọ̀gbé tó o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé bí ayálégbé kan bá se àsè, ó lè má ku omi sínú kànga fún àwọn yòókù. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń polówó pé ààyè òun kò lópin, kí akọ̀wé ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti rí òpin náà.

Nípa ti owó, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òtítọ́ ni. Síbẹ̀, owó tí ó kéré ní ọdún kìíní lè jẹ́ ìjẹ ẹnu ìwọ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó máa ń polówó ọdún kìíní ní owó pọ́ọ́kú, tí owó ọdún kejì sì máa ń di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Iye owó ìsọdọ̀tun ni kí ẹgbẹ́ béèrè kí ó tó béèrè ti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó sì wo irú owó tí wọ́n fi ń ka iye náà. Ṣáájú oṣù June ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ìpele ara rẹ̀ lọ́jà, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan. Ní oṣù February ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹgbẹ́ tí ó ń san $60 lọ́dún fún onílé òkè òkun, tí ó ti ń kó nǹkan bí ₦27,600 jọ tẹ́lẹ̀, bá ara rẹ̀ níwájú ₦90,000, láìjẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ kan lé owó. Ẹgbẹ́ tí ń tọrọ owó oṣooṣù lọ́wọ́ àwọn aláàárù, àwọn télọ̀ àti àwọn olùkọ́ kò gbọdọ̀ ki ọrùn bọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láìronú. Onílé tí ó ń gba náírà kì í bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́n gógó pátápátá, nítorí òun náà ń fi dọ́là ra irinṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kéré tán akápò lè fi owó ránṣẹ́ sí i láti báńkì ìtòsí, kò sì ní wá káàdì ẹni tí ó wà ní London kiri.

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá kí ilé wà ní Èkó tàbí kí ó wà ní òkè òkun. Àwọn tí ó fara mọ́ òkè òkun ń sọ pé iná kì í kú níbẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òkun wà láàárín. Ní ọjọ́ 14 oṣù March ọdún 2024, okùn ayélujára mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Côte d'Ivoire, ayélujára sì fà bí ìgbín ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ìkànnì tí ilé rẹ̀ bá wà ní Èkó kò ní ìdí láti la òkun kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń kà á ní Kánò tàbí ní Òṣogbo, nítorí láti ọdún 2006 ni ibùdó pàṣípààrọ̀ ayélujára tí à ń pè ní IXPN ti wà nílẹ̀ tí ń jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ilẹ̀ yìí máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn òǹkàwé rẹ̀ wà ní Nàìjíríà lè yan Èkó pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun bá pọ̀ jù ti ilé lọ lè yan òkè òkun. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju ibi tí ilé wà ni irú onílé tí ó ni ín.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ onílé rere? Ọ̀nà kan ni kí ó ka ìlérí rẹ̀ bí oníṣirò. Onílé tí ó bá ṣèlérí pé ìkànnì yóò wà lójúfò fún ìpín 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò dà bí ẹni tí ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ìpín kan tí ó kù jẹ́ wákàtí méje àti ìṣẹ́jú méjìlá nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Èyí tí ó bá ṣèlérí 99.9 ń sọ nípa ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àmì mẹ́sàn-án kan àti òmíràn kì í ṣe kékeré. Ọ̀nà kejì ni kí akọ̀wé pè wọ́n lórí fóònù ní alẹ́ Sátidé kan, kí ó tó san owó, kí ó béèrè ìbéèrè kan tí ó rọrùn. Ẹni tí kò dáhùn nígbà tí ó ń wá owó kò ní dáhùn nígbà tí owó bá ti wọ àpò rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kí ó béèrè nípa àmì àgádágodo tí ó ń fi hàn pé ojú ọ̀nà ìkànnì wà ní títì fún àwọn amí. Láti ọdún 2015 ni àjọ Let's Encrypt ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Onílé tí ó bá ń bu owó ńlá lé e fún ẹgbẹ́ kékeré, kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n bí onílé ti wù kí ó dára tó, ẹ̀dà ẹrù gbọ́dọ̀ wà níta ilé rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù March ọdún 2021, iná jó ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Onílé ńlá ni OVHcloud, ó wà lára àwọn tí ó tóbi jù ní Yúróòpù. Odidi ilé kan nínú mẹ́rin jóná di eérú, àràádọ́ta-ọ̀kẹ́ ìkànnì sì dákẹ́ láàárín òru kan. Ọpẹ́ ni pé iná náà kò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ẹ̀dà ẹrù wọn wà níbòmíràn padà sójú iṣẹ́ láìpẹ́. Àwọn tí kò ní ẹ̀dà pàdánù gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó dùn wọ́n jù ni ti àwọn oníbàárà kan tí wọ́n ti sanwó fún ẹ̀dà, tí wọ́n sì wá rí i pé ibì kan náà ni ẹ̀dà àti ojúlówó ń gbé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ilé kò bá kan ilé, wọn kì í jó àjóràn. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ onílé, kí ìkejì wà nínú kọ̀ǹpútà akọ̀wé, kí ìkẹta wà nínú àpótí akápò, kí wọ́n sì máa sọ wọ́n dọ̀tun lóṣooṣù. Ọ̀nà kan kò wọjà.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, nígbà tí Facebook àti WhatsApp wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀: ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wà, ibẹ̀ sì ni ìròyìn òkú àti ìkómọjáde ti ń yára tàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ilé ọ̀fẹ́ kò lè bá onílé jà. Ilé-iṣẹ́ Yahoo ra GeoCities ní ọdún 1999, ibi tí àìmọye ènìyàn ti kọ́ ìkànnì wọn sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù October ọdún 2009, ó ti ibẹ̀ pa, ó sì ku ọwọ́ àwọn tí ó yára kó ẹrù wọn. Ní ilé níhìn-ín pẹ̀lú, láti oṣù June ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù January ọdún 2022 ni a fi dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tàbí oníṣòwò tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni pátákó ìkéde rẹ̀ wà kò ní ibòmíràn láti kàn án mọ́ fún oṣù méje. Kí wọ́n máa lo ilé ọ̀fẹ́ bí ọjà tí wọ́n ń ná, kí wọ́n sì ní ilé tiwọn tí wọ́n ń padà sí lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sì wúwo jù fún ẹni tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ń gbé ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sójú ìkànnì, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, ojúlé àti àdúgbò tí olúkúlùkù ń gbé. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni. Àwọn tí ó wà ní Kàdúná ní ọdún 2000, àti ní Jos ní ọdún 2001, kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn ìdí tí ìwé bẹ́ẹ̀ kò fi yẹ kí ó wà níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ti wà nílẹ̀. Nigeria Data Protection Act, tí a fọwọ́ sí ní oṣù June ọdún 2023, kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti máa fọ́n ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn kiri láìsí ìdí tí òfin gbà. Kí orúkọ àwọn olóyè wà níta, kí ímeèlì ẹgbẹ́ wà níta, kí ojúlé ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú ìwé tí akọ̀wé tì pa. Kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ onílé ẹni tí ó lè ṣí yàrá náà nígbà tí àwọn kò bá sí nílé.

Àwọn àgbàlagbà ṣì wà láàyè tí wọ́n rántí oṣù November ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi ìlú sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìnísà wà lára àwọn tí ó fi ọjà sílẹ̀, tí wọ́n fi ilé sílẹ̀, tí wọ́n gbé ọmọ pọ̀n wá sílé. Ilé ayélujára kì í ṣe ilé oníbíríkì, àdánù rẹ̀ kò sì tó àdánù ọjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé kì í ṣe ohun àìkàsí fún ẹni tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe kò pọ̀. Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí alága béèrè orúkọ ẹni tí ìkànnì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán, àti ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé ìpàdé. Kí ọ̀rọ̀ ìwọlé wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, kí ó sì kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ipò rẹ̀ bá ti bọ́. Bí ìdáhùn kò bá sí, kí wọ́n pe ọmọkùnrin tí ó wà ní Kánádà nísinsìnyí tí ó ṣì ń gbé fóònù, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé kí ó yí orúkọ padà sí ti ẹgbẹ́. Yóò gbà, ọmọ ilé ni. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn yóò re gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀.